Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ̀ ní Fínlándì

Ẹ̀yin ará Èrìò, ẹ̀yin ọmọ ìjọ, àti ẹ̀yin ará Arámọkọ tí ìwé ìkórè yìí máa dé ọwọ́ yín, mo kí yín. Akọ̀wé ìjọ ló ní kí n kọ ìrìn-àjò mi sílẹ̀, nítorí pé kò tíì sí agégẹdú kankan nínú ìjọ wa tó wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ òyìnbó rí. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni àkọ́kọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n tó bá di ká kọ Yorùbá kó dán, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ẹ bi mí pé báwo ni, mo ní ó dára. Ẹ bi mí léèrè Dáre, mo ní koko lara rẹ̀ le. Ẹ ti rí àwòrán mi nínú ìwé ìròyìn òyìnbó lórí fóònù yín, ẹ ń pè mí ní èèyàn ńlá, mo ń rẹ́rìn-ín. Kò dára. Ní báyìí tí Dáre náà ti wálé, mo ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn rẹ̀: pé ìkà ọmọ ni, pé ó dá ọmọ olọ́mọ lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé e. Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ṣùgbọ́n yóò tún tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ bí mo bá dákẹ́. Kì í ṣe ẹsẹ̀ Dáre ló dá a padà wálé. Àyà èmi bàbá rẹ̀, tí mo fi lélẹ̀, ni.

Ọmọ tí kò wá góòlù

Lórí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, níbi tí erùpẹ̀ pupa ti ń sọ gbogbo ṣòkòtò di àwọ̀ kan náà, gbogbo ọmọ ló fẹ́ jẹ góòlù. Dáre nìkan ni kò bá wọn du ìyẹn. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, á na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, á máa jágbe mọ́ àwọn tó jù ú lọ: "Ìwọ, padà sẹ́yìn! Ìwọ, mú tìẹ!" bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Èmi ni mo fún un lọ́gbọ́n tó fi ń gbá a. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí òótọ́ ni. Mo máa ń mú un dání tí a bá lọ gé gẹdú nínú igbó lápá Ẹ̀fọ̀n, mo sì máa ń sọ fún un pé, "Tí igi bá fẹ́ wó, orí rẹ̀ á máa tàn ọ́ jẹ. Ìdí rẹ̀ ni kó o máa wò." Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ kóòṣì ní Arámọkọ, ọkùnrin náà sọ fún mi pé òun ò tíì rí ọmọdé tó máa ń wo ìbàdí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kì í wo bọ́ọ̀lù. Mo ní kó má wulẹ̀ yà á lẹ́nu.

Láti Arámọkọ ó dé Adó, láti Adó ni ọkùnrin kan tó ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù wá iṣẹ́ ti rí i, ló bá mú un lọ sí Fínlándì. Dìfẹ́ńdà ni wọ́n gbà á sí. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe èyí tó ga jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń gbowó oṣù. Sáà kan péré ni wọ́n fún un. Wọ́n ní tó bá ṣe dáadáa títí sáà náà fi parí, àwọn á fún un ní ọdún mẹ́ta sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé ìgbélùú rẹ̀ á tán, á sì di ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ní nìyẹn.

Ní tèmi, mo ti sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé ọmọ mi ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún gbogbo Fínlándì. Mo fi díẹ̀ kún un. Ẹ kúkú mọ̀ mí.

Nígbà tí Dáre ní kí n wá kí òun, ìyá rẹ̀ bá mi níbi tí mo ti ń fi aṣọ di iṣu sínú báàgì.

"Uṣu?" ó ní. "Bàbá Dáre, uṣu lẹ fẹ́ gbé wọ bàálù? Ṣé àwọn yẹn kì í jẹun ni?"

"Ṣé ọwọ́ òfo ni kí n gbé lọ? Èmi?"

"Ẹ ṣáà má lọ dójú tì wá o."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Bí iṣu náà ṣe kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìlú tí wọn kì í kí ara wọn

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni mo dé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn ni. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn bí ẹni tó ń bára wọn jà. Èmi dé pẹ̀lú agbádá mi, mo kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Obìnrin kan rọra sún kúrò.

"Bàbá, ẹ rọra," Dáre ní. "Tí ẹ bá kí ẹni tí ẹ ò mọ̀ níbí, wọ́n á rò pé ẹ ti mutí."

"Ta ló tọ́ wọn dàgbà?"

"Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn nìyẹn. Wọ́n ń fi yín sílẹ̀ kí ẹ sinmi."

Mo ní irú ìsinmi yẹn, ìtẹ́ òkú ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Oòrùn wọn pàápàá kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé. Mo ń dúró kí ilẹ̀ ṣú kí n lè sùn, ilẹ̀ ò ṣú. Mo fi kúbùsù dí fèrèsé. Igi wọn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó tọ́ gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Mo sọ fún Dáre pé ìrókò kan ṣoṣo nínú igbó wa lè bí ogún irú wọn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó ti là mí lójú nígbà náà. Ọkùnrin kan wà tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, ó lawọ́ sí mi, ó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi kiri. Lọ́jọ́ kan tó já mi sílẹ̀, mo fi ìwọ̀nba òyìnbó ẹnu mi sọ fún un pé lọ́la màá wá kí ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà ni. Mi ò tilẹ̀ mọ ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ti kọfí àti àkàrà òyìnbó láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń retí mi.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ń bọ̀," Dáre ní, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé o ò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ni?"

"Èmi mọ̀ ọ́n. Àwọn ni kò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo tún pàdé ọkùnrin náà, kò bínú. Ó kàn wò mí bí èmi ṣe máa ń wo pákó tó bá wọ́.

Ẹja nínú wàrà

Ẹja ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, wọ́n á wá da wàrà lé e lórí. Wàrà! Ata kankan kò sí níbẹ̀. Mo fi síbí gbé e dé ẹnu, mo ń dúró kí adùn rẹ̀ dé, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ Ìjerò lọ́jọ́ Àìkú. Búrẹ́dì wọn dúdú bí èédú, ó sì kan bí ògì tí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ni mo ń bèèrè búrẹ́dì náà.

Wọ́n tún ní yàrá pákó kan tí wọ́n máa ń wọ̀ ní ìhòòhò, ọmọ àti bàbá, wọ́n á máa bu omi sórí òkúta tó ti gbóná pọ́n, wọ́n á máa làágùn, tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á sáré bẹ́ sínú odò tútù. Mo sọ fún wọn nínú ooru náà pé ní Ìkọ̀gòsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú mi, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti inú òkè, ẹnikẹ́ni kò dáná sí i. Wọ́n mi orí. Ọ̀kan bèèrè bó ṣe gbóná tó gan-an. Mo ní ó gbóná tó. Inú rẹ̀ kò dùn sí èsì yẹn.

Ẹni tó gba ẹ̀mí mi là ni Ìyá Tólú, ọmọ Ìjerò, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ó gbọ́ pé ọkùnrin kan gbé iṣu láti Èkìtì wá, ó dé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gbé iṣu kan sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí odó níbí o," ó ní. "Ẹ̀lúbọ́ iyán inú ike la fi ń tan ara wa jẹ."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ Ìjerò ń rokà iyán!"

"Ẹ dúró títí òtútù á fi dé, ẹ̀yin náà á rò ó."

A sè é, a fi igi kan ṣe ọmọ odó, a gún un nínú ìkòkò irin títí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa fi wá kan ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Ó kàn bèèrè bóyá iṣẹ́ náà á pẹ́. Iṣu méjì ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Ẹsẹ̀ Míkò

Mo wá dé orí pápá. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń jẹ sọ́sééjì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó wá gbọ́ ìwàásù. Èmi ni mo dìde. "Dáre! Ìdí rẹ̀! Ìdí rẹ̀ ni kó o wò!" Àwọn tó wà nítòsí rọra kó ẹrù wọn, wọ́n fi odidi bẹ́ńṣì kan sílẹ̀ fún èmi àti Ìyá Tólú. Òun náà fi gèlè bo ojú díẹ̀.

Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò sẹ́ni tó kọjá lára rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ń bá gbá, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Míkò, ó yára bí ọ̀kẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù kan já láàárín àwọn méjèèjì. Dáre fi ara wọ́ ilẹ̀ lọ bá a, ó gbá bọ́ọ̀lù náà síta, mo fi ojú mi méjèèjì rí i pé bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Míkò ti há sábẹ́ tirẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gbé nínú igbó pẹ́ mọ ìró ohun tó dá.

Rẹfirí fún un ní yẹ́lò káàdì. Dáre kúnlẹ̀ ti ọmọ náà, ó káwọ́ lérí títí wọ́n fi gbé e jáde. Eré náà parí ní òdo sí òdo, kóòṣì ẹgbẹ́ Dáre sì wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó na àtàǹpàkò sókè, ó ní ọmọ rere, ọdún tó ń bọ̀, ibí yìí. Òyìnbó yẹn kò le fún mi láti gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dáre ṣàlàyé fún mi pé nítorí ẹsẹ̀ náà dá, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù wọn á tún wo fíìmù rẹ̀, wọ́n á pinnu bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹgbẹ́ ní kò séwu, fíìmù náà fi hàn pé bọ́ọ̀lù ló lọ gbá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun títí wọ́n á fi dájọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé

Ẹ̀yin mọ bí a ṣe ń ṣe é. Tí ọmọ rẹ bá ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe, o ò ní jókòó sílé máa wádìí ẹni tó jẹ̀bi. O máa tètè lọ, ìwọ òbí, o máa dọ̀bálẹ̀, o máa ní àwa la jẹ̀bi, ẹ foríjì wá. Nígbà tí igi tí àwọn ọmọṣẹ́ mi gé wó lu kòkó bàbá kan ní Ìlógbò, afẹ́fẹ́ ló tì í, gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀ mo lọ, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Bàbá náà kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi fà mí dìde. A jọ jẹun. Kò sí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé kì í ṣe pé ò ń jẹ́wọ́. O kàn ń tu ilé rẹ̀ lójú ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbẹ̀," Dáre ní.

"Ọmọ olọ́mọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwọ ń jẹ búrẹ́dì. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

"Mo ti bá Míkò sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ni. Ẹgbẹ́ ní ká dákẹ́."

"Ẹgbẹ́ ló bí ọ ni?"

Dáre dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ síbi ìdánrawò.

Mo pe Ìyá Tólú kó wá bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Dáre mọ̀ sí i?" Mo ní ó mọ̀. Ó kúkú mọ̀. Ohun tó sọ ni mi ò sọ fún un.

Ìlú àwọn Míkò kò jìnnà. Ilé pákó ni wọ́n ń gbé, wọ́n kùn ún ní pupa, pákó náà dára, mo fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ká bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu ní àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n agbádá mi bò ó. Bàbá Míkò jáde sí wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé iṣu méjèèjì sílẹ̀, mo ká agbádá, mo sì nà gbalaja sórí ilẹ̀ pákó wọn.

Ìyá Míkò figbe ta. Ó rò pé mo dákú ni! Ó sáré lọ gbé omi, ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wá ìlù ọkàn mi. Ìyá Tólú ló ń pariwo sí wọn ní èdè wọn pé kò sí nǹkan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ni.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi láti ilẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Tólú tẹ̀ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ dùn yín."

"Ṣé ìyẹn ni mo sọ? Sọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ọmọ mi ló jẹ̀bi. Ọmọ mi ló ṣe é. Kí wọ́n foríjì wá."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Mo ń dúró kí wọ́n fà mí dìde. Ẹnikẹ́ni kò fà mí. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ń wo eruku tó wà lábẹ́ àga wọn, ẹsẹ̀ bàbá Míkò nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Nígbẹ̀yìn, Ìyá Tólú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde fúnra yín. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ló yẹ kó gbé yín."

Wọ́n ṣe wá lálejò dáadáa. Kọfí, àti búrẹ́dì dídùn tí wọ́n wé bí òṣùká. Míkò náà fi igi méjì rìn jáde pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ya èmi àti bàbá rẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú iṣu láàárín wa. Bàbá rẹ̀ gbé iṣu náà sí ẹ̀bá fèrèsé bí ẹni gbé òdòdó. Nígbà tí a ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú pẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo wọ ọkọ̀ padà bí ẹni tó ṣẹ́gun. Mo sọ fún Ìyá Tólú pé, "Ṣé o rí i? Èèyàn ni èèyàn níbi gbogbo." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Àwòrán

Oníròyìn kan láti ìlú wọn lọ bèèrè bí ara Míkò ṣe rí. Bàbá rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì fún un ní fọ́tò náà. Bí mo ṣe dé inú ìwé ìròyìn nìyẹn, pẹ̀lú agbádá àti iṣu. Mo ra ìwé náà. Mi ò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, mo ya ojú ìwé náà ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Ẹ rántí bí mo ṣe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Èrìò ti dé ilẹ̀ òyìnbó.

Dáre bá ìwé náà lórí tábìlì. Ó ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Ó kà á, ó jókòó, ó tún kà á.

"Kí ni wọ́n kọ?" Mo ti ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n yìn yín."

"Mo mọ̀!"

"Wọ́n ní bàbá onígboyà kan wá láti Nàìjíríà, ó wá jẹ́wọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe."

"Jẹ́wọ́ kẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀."

"Bàbá," ó ní, kò gbé ohùn sókè, "níbí, ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi, ó jẹ̀bi ni."

Ìgbìmọ̀ náà ka ìwé ìròyìn. Wọ́n pe bàbá Míkò, wọ́n bi í bóyá òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. Kò ní ibi nínú. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣàánú ọmọ tó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó pe Ìyá Tólú, ó ń bèèrè pé, "Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Ṣé kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹgbẹ́ Dáre gba lọ́yà kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú mi lọ síwájú ìgbìmọ̀ náà, mo ní màá bá wọn sọ ọ́, tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán wọ́n á gbọ́. Lọ́yà náà ní kí òun kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí. Ìyá Tólú ń túmọ̀, Dáre jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé ẹ sọ pé ọmọ yín ló jẹ̀bi?"

"Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n..."

"Ṣé ẹ gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Rárá o! Bọ́ọ̀lù ló gbá, mo rí i!"

"Tí ẹ bá mọ̀ pé kò jẹ̀bi, kí ló dé tí ẹ lọ sọ fún bàbá ẹni tó fara pa pé ó jẹ̀bi?"

Èmi tí mo ti fi ẹnu parí ìjà agégẹdú láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bàbá ará Ìlógbò àti kòkó rẹ̀. Lọ́yà náà kọ díẹ̀, ó wá fi bíírò sílẹ̀. Wọn kò mú mi lọ.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ ni ìgbìmọ̀ náà ní Dáre kò gbọ́dọ̀ gbá. Ẹgbẹ́ náà ò lè fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lásán, wọ́n mú ọmọ Sẹ́nẹ́gà kan wá síbẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Kóòṣì ń rí mi, ó ń mi orí sí mi, kò na àtàǹpàkò mọ́.

Ohun tó pa mí jù ni pé Dáre kò bá mi wí. Àràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, á gbé kọfí mi wá, á gbé búrẹ́dì dúdú náà wá, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á wá lọ máa sáré fúnra rẹ̀ nínú igbó, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí pápá. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo jẹ̀bi. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún bàbá oníkòkó, mo ti sọ ọ́ fún òyìnbó tí mi ò mọ̀ rí. Kò jáde fún ọmọ tí mo bí. Bàbá kì í bẹ ọmọ níbi tí wọ́n ti tọ́ mi.

Ilé

Mo wálé, mo ní ó dára. Nígbà tí sáà wọn parí, ọmọ Sẹ́nẹ́gà ni wọ́n fún ní ọdún mẹ́ta náà. Dáre dé ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú báàgì kan. Ìyá rẹ̀ gúnyán fún un, kò bèèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wò mí lọ́jọ́ náà lọ́nà tí mi ò ní kọ síbí. Ẹ̀yin ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ẹ rí ọmọ tó ń sáré gun òkè lọ sápá Ìkọ̀gòsì láràárọ̀, ẹ ní wọ́n lé e torí ìkà. Ó ń gbọ́ yín. Kò fèsì, torí tó bá fèsì, èmi ló máa dárúkọ.

Ẹgbẹ́ kékeré kan lápá Ìbàdàn ti ní kó wá kí àwọn wò ó. Kì í ṣe Fínlándì. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ Arámọkọ. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ kò tíì kún, àwọn tó mọ̀ wá ń kọjá, wọ́n ń wò wá. Mo wò ó pé bí mi ò bá sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

"Dáre," mo ní, "ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ní ilé àwọn Míkò..." Mo sì fi ọwọ́ kan gbá etí agbádá mi jọ, torí afẹ́fẹ́ ń gbé e.

Kíá ló di apá mi méjèèjì mú. Ọwọ́ rẹ̀ le bí irin. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ojú rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún sára àwọn tó ń kọjá, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

Mi ò tilẹ̀ fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Agbádá ni mo fẹ́ ká. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ìyẹn fún un, torí mo rí ojú rẹ̀: ẹ̀rù èmi ló ń bà á. A dúró bẹ́ẹ̀, kò fi apá mi sílẹ̀ títí wọ́n fi pe èrò Ìbàdàn.